Irin tí wọ́n fi to kòtò ìbàdí mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó béèrè nípa àbúrò rẹ̀ tó fara pa ní ìbàdí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

A ti kọjá Abaji, à ń bọ̀ ní Abuja, iwájú mọ́tò ni mo wà, tírélà kan ṣàdédé ya wọ ọ̀nà wa, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, orúnkún mi lọ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù gbàgà. Mo rò pé orúnkún ló ṣẹ́, àṣé ìbàdí ló yọ, orí eegun itan ti jáde kúrò nínú kòtò rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju òsì lọ, ó yí sínú, mi ò lè nà án rárá.

Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ fún mi lóògùn oorun, wọ́n fà á padà sípò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ torí tó bá pẹ́ níta ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́. Ṣùgbọ́n X-ray nìkan ni wọ́n wò, wọ́n ní ó ti tán, kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹrin mo yí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún yọ! Igbe tí mo ké, gbogbo kọ́ńpáùndù wa ní Kubwa ló sáré wọlé.

Bàbá mi pè láti Ọ̀ffà pé kí wọ́n gbé mi bọ̀, ẹni tó ń to eegun wà níbẹ̀. Mi ò bú wọn o, àwọn ló to apá ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kòtò ìbàdí jìn sínú, ọwọ́ ò lè kàn án. Dókítà kejì ní ká ya CT scan, àwòrán tó ń fi inú eegun hàn ju X-ray lọ, ó fi hàn mí: ẹ̀yìn kòtò yẹn ti já kúrò bí etí igbá tó ṣí, orí eegun itan ò rí ohun tó máa dá a dúró. Ó ní ká ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, tó bá lé ní mẹ́ta eegun á ti máa so bó ṣe wù ú.

Wọ́n gún irin kọjá lábẹ́ orúnkún, wọ́n so àpò yanrìn mọ́ ọn kó máa fa ẹsẹ̀ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi ń wá owó kiri. Ẹ̀yìn ìdí ni wọ́n ti là á. Irin tí wọ́n fi to kòtò náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó ní ihò méje. Bí mo ṣe jí, dókítà ò kí mi, ó ní "Ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín sókè." Iṣan ńlá kan (nerve) tó ń mú ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, tó bá fara pa, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Mo gbé e. Omi bọ́ lójú mi.

Abẹ́rẹ́ inú ikùn lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, oṣù mẹ́ta lórí crutches, ẹsẹ̀ yẹn kàn ń fara kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin ni. Bàbá mi wá kí mi, mi ò lè dọ̀bálẹ̀, òun ló wá bẹ̀rẹ̀ dì mọ́ mi.

*

Ìyá Ìbejì, Kàdúná: Ẹ kú ewu o, bọ̀dá. Ọkọ tèmi, ọ̀sẹ̀ méje la fi dúró, òróró la fi ń wọ́ ọ. Nígbà tá a dé ọsibítù, wọ́n ní títò ò ṣeé ṣe mọ́, orí eegun itan ti bàjẹ́, ìbàdí àtọwọ́dá ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, a dúpẹ́. Ẹni tó béèrè yẹn, ọjọ́ mélòó ló ti pé lára àbúrò yín báyìí?