Orúkọ tó wà lápá màámi kì í ṣe tirẹ̀

ỌmọÒró:
Ẹ kú àsìkò yìí o. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé.

Màámi ní fínfín lápá òsì, nínú apá lọ́hùn-ún tí oòrùn kì í sábà dé. ABEKE ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò lámì, kò ní nǹkan kan. E tó gbẹ̀yìn yí padà, ó kọjú sí àwọn yòókù, àfi bíi pé òun àti wọn ń jà. Bí wọ́n bá ń ro àmàlà, tí wọ́n ká ọwọ́ bùbá sókè, ibẹ̀ lojú mi máa ń lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi ìka tọ ọ́, wọn á ní kí n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀.

Àmọ́ Àjíkẹ́ ni oríkì màámi. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ rí. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní girama. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ wo omi tó wà lórí iná.

Wọ́n kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lápá ọ̀hún, mo yọ fóònù, mo ya apá náà. Títí di òní, n kò mọ ohun tó mú mi yà á.

Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sápá tèmi, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní Tanke tó ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ bá a jù, kìnnìún àti òdòdó ni wọ́n ń yà. Mo fi àwòrán náà hàn án, ó ní ṣé kí òun bá mi tún E yẹn ṣe. Inú bí mi. Ìyàwó mi, ọmọ Ìlọrin ni, ní bí mo bá kọ orúkọ obìnrin tí n kò mọ̀ sára, kí n yáa wá ibòmíì sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fínfín, kí lẹ torí ẹ̀ ṣe tiyín? Ta sì ni Àbẹ̀kẹ́ yìí?

Kajú_Ọ̀fà:
Tèmi kò ní láárí kankan. JSS 3 la wà, a fọ́ kóró kajú tútù, a fi epo ara èèpo rẹ̀ kọ lẹ́tà sápá. Ó jó mi, ó bó, ó ń ṣomi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá mi nà mí lé egbò náà lórí. K ni mo kọ, nítorí ọmọkùnrin kan tó ń jókòó sídìí fèrèsé. K náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ mi, ó sì gbà pé òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á mọ́ra.

Alfa_Ẹ̀yìnỌjà:
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú hádíìsì Bukhari àti Muslim pé Ànábì ṣépè fún ẹni tó ń fín ara àti ẹni tí wọ́n fín fún. Mo fẹ́ sọ pé kí ẹ fi làálì kọ ọ́, àmọ́ ọkùnrin ni yín, làálì ọwọ́ kì í ṣe tiyín. Ẹ ṣe sàráà fún màmá. Ìyẹn á dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ajàṣẹ́:
Bí ẹ bá máa ṣe é, kó já abẹ́rẹ́ tuntun níṣojú yín, kó da tàdáwà sínú ìdérí tuntun, kó wọ ìbọ̀wọ́. Àrùn mẹ́dọ̀wú B kò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá ẹ̀. Tí ọgbẹ́ yín bá máa ń wú lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ má dán an wò rárá. Kajú, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò gbà kí wọ́n fín ọmọdé lára.

ÌyáÀgbà_Ẹ̀sìẹ́:
Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún ìyá rẹ.

Ta ló sọ fún ọ pé orúkọ ara ẹni là ń kọ? Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló wà lápá mi, tèmi wà lápá tirẹ̀. Kóló ni ti olóólà, ó ní abẹ tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ la fi ṣe tiwa, mẹ́ta, a fi òwú dì í pọ̀, a fi èéfín àtùpà pa á. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa gbé e lọ sílé ọkọ ni. A ti fẹnu kò pé ẹni tó bá ké, ojo ni. Èmi ké. Ó ní kí n mú apá mi dúró, òun kò tíì débi òpin orúkọ. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a di oge.

Ọdún 1945 tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbí ni wọ́n bí mi. Àwọn ère òkúta inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọn kan ní ilà lójú, kò sì sí ẹni tó lè sọ ẹni tó kọ ọ́ fún wọn. Ti ìyá rẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Wá obìnrin tó ní Àjíkẹ́ lápá. Níbo ni ìyá rẹ ti dàgbà?

ỌmọÒró:
Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Òró náà ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n màámi lánàá. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ wà láyé, Òmù-Àrán ló lọ́kọ sí, ó ń ta èlùbọ́, ó sì wá síbi ìsìnkú. Òun ni màmá tó jókòó sẹ́yìn lábẹ́ kánópì, tí mo gbé ìrẹsì fún, tó ní kí n gbé e padà. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀ nínú oòrùn yẹn.

Mo ti ní kí ọmọkùnrin Tanke mú sùúrù ná. Ọjọ́ Sátidé la máa lọ. Ìyàwó mi lóun ń bá mi lọ.