Ta ni wọ́n jẹ nínú ìdánwò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú àbá wá pé kí a máa pe ọmọ tó bá jíwèé wò ní gbọ̀ngàn ìdánwò ní "arẹ́nijẹ", kí orúkọ ìwà náà sì máa jẹ́ "ìrẹ́jẹ ìdánwò". Wọ́n ní ẹni tó bá fi iṣẹ́ oníṣẹ́ gba oyè ní yunifásítì, "ìrẹ́jẹ ìwé" ló ṣe. Àlàyé wọn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "cheat", ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú jìn mí, n kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú "rẹ́ jẹ", ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló sì máa ń wà láàárín wọn: ó rẹ́ mi jẹ, wọ́n rẹ́ opó náà jẹ. Bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, rẹ́ tí a fi ń gé ẹ̀ka igi náà ni: ẹnì kan gé nínú ìpín rẹ, ó sì gbé e mì. Ẹbí rẹ̀ pọ̀. Ó tàn mí jẹ. Ó yàn mí jẹ. Wọ́n kó owó ẹgbẹ́ jẹ. Níbikíbi tí jẹ bá ti jókòó sí ìdí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ béèrè pé ta ni wọ́n jẹ, tàbí kí ni wọ́n jẹ. Ìdáhùn á wà.

Gàrí ni ìyá mi tà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ èyí. Lọ́jọ́ kan a ra ẹ̀wà kóńgò márùn-ún ní ọjà Bodìjà. Nígbà tí a délé, wọ́n gbé kóńgò tiwa, wọ́n tún un wọ̀n, kò ju mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Wọ́n ti lu ìdí kóńgò yẹn wọnú. Obìnrin yìí rẹ́ wa jẹ." Mo ṣì rí ìwọ̀nba ẹ̀wà tó kù nínú kóńgò karùn-ún yẹn lójú mi. Ohun tí wọ́n jẹ nìyẹn, ó ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí.

Lù àti gbá tún yàtọ̀. Ó lù mí ní jìbìtì. Wọ́n fi gbájúẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí ni a tún ń pè ní 419, láti ara abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà. Ẹni tó rẹ́ ọ jẹ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ní nǹkan pọ̀: àbúrò bàbá rẹ tó ń pín ogún, oníbàárà rẹ, ọ̀gá tó ń san owó iṣẹ́ rẹ. Oníjìbìtì lè má mọ̀ ọ́ rí. Ó dé, ó lù ọ́, ó lọ. Mo mọ̀ pé àwọn oníròyìn ń pa méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń rojọ́ ogún, ẹ ò ní gbọ́ jìbìtì lẹ́nu wọn bọ̀rọ̀.

Ẹbí kẹta ni òjóró, pẹ̀lú màgòmágó, màdàrú àti wúrúwúrú. Ẹ ronú sí ìdí ayò. Ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta (48) ló wà nínú ọpọ́n. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yọ́ gbé ọ̀kan pa mọ́, òjóró ló ṣe. Àwọn ọmọdé mọ ìdájọ́ rẹ̀: "Òjóró, kánsù!" Wọ́n á da ọmọ ayò padà, wọ́n á tún un ta. Òfin ni òjóró ń ba jẹ́, òfin sì ṣeé tún tò. Ohun tí ẹnì kan ti jẹ ń kọ́? Ibi òjóró yìí ni ìdánwò wà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àjọ onídàánwò fi máa ń fagi lé èsì, bí àwọn ọmọdé ṣe ń kánsù.

Ẹ̀gbọ́n lè ní ọmọ tó jíwèé wò gba àyè ẹlòmíràn ní yunifásítì. Òtítọ́ ni, wọ́n sì rẹ́ ẹni yẹn jẹ lóòótọ́, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá nìyẹn. Kó tó dé ibẹ̀, kí ni a ó pe ohun tó ṣe ní gbọ̀ngàn?

Ewu títẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì gán-an ti ń hàn. Mo gbọ́ ìyàwó ilé kan tó ní "ọkọ mi ń rẹ́ mi jẹ", mo rò pé owó oúnjẹ ni ọkùnrin náà ń yọ. Àlè ló ń yàn. Yoruba ní ọ̀rọ̀ fún un kó tó dìgbà yìí.

Fún ti ìdánwò, ẹ jẹ́ ká gba ohun tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jáde síta lọ́dún 1977 ni "expo" gbilẹ̀, ṣùgbọ́n "jíwèé wò" kò kú. Ìjíwèéwò, ó parí. Fún ti yunifásítì, èmi náà kọ́kọ́ rò ó pé kó jẹ́ "àjíkọ", àfi pé ẹni tó jí lójú oorun tó ń kọ̀wé ni yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. "Ìjíṣẹ́kọ" burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé òjíṣẹ́ ni etí á gbọ́. "Àdàkọ" kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó da ìwé kọ lè ti gba àṣẹ. Ìjíwèékọ ni mo fara mọ́: àbúrò ìjíwèéwò, jí kan náà, ìwé kan náà, ọwọ́ ló rọ́pò ojú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dán méjèèjì wò lẹ́nu àwọn ọmọ yín, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á gé e kúrú. Ẹ̀yin tó wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ń kọ́, tí kò sí WAEC lọ́dọ̀ yín, kí ni àwọn ọmọ yín ń pè é?