"Ẹ̀rọ ọ́síjìn" kọ́ o, "abánimí" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni pé kí a pe ventilator, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, ní "ẹ̀rọ ọ́síjìn", torí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni ọ́síjìn. Bí a bá yí ẹ̀rọ yìí sí 21 gan-an, yóò ṣì máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn. Ẹni tó fi ìbòmú gba ọ́síjìn ń fúnra rẹ̀ mí. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ lè má lè mí rárá. Ibi tí orúkọ ti ń ṣini lọ́nà rèé: ẹ̀rọ ké, nọ́ọ̀sì tuntun sáré fi kún ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló dí rọ́bà tó gba ẹnu aláìsàn wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tàbí aláìsàn ló deyín mọ́ ọn, tàbí rọ́bà ti já kúrò lára ẹ̀rọ. Aláìsàn ò sì lè sọ̀rọ̀, torí àárín tán-án-ná ni rọ́bà gbà kọjá. Àyà rẹ̀ ló yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò: ṣé ọ̀tún àti òsì ń gbéra pọ̀?

"Amúnimí" tí ẹnì kan dá lábàá sàn ju "ẹ̀rọ ọ́síjìn" lọ, àmọ́ ó dún bíi pé tipátipá ni. Bí aláìsàn bá ti ń gbìyànjú, a lè yí ẹ̀rọ kó máa dúró de èémí tirẹ̀, kó wá ràn án lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi yan "ẹ̀rọ abánimí" nìyẹn: ó ń bá ẹni tí kò lè mí mí, ó sì ń bá ẹni tó ń gbìyànjú mí. Kí a ṣáà fi àmì òkè sórí "mí", kó má di "mì".

Ní ti "jíjá lẹ́nu ẹ̀rọ", ìyẹn gbígba aláìsàn kúrò lórí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni, kò yẹ àgbàlagbà. Lójú tèmi, òun gan-an ló bá iṣẹ́ náà mu. A ó dín ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kù, aláìsàn á dán mímí wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì, nọ́ọ̀sì á máa wò ó bóyá ó ń mí gúlegúle, bóyá ó ń làágùn. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a ó dá a padà sórí ẹ̀rọ, ó di ọ̀la. Bí a bá pè é ní "yíyọ", ìyẹn ò lè sọ gbogbo èyí. Ti rọ́bà ni yíyọ, lọ́jọ́ tí ìdánwò bá yọrí.

"Rọ́bà" ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá ké lóru pé "Ẹ bá mi di rọ́bà mú!", gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó ń wí.