Ògiri ilé ọmọláńgidi mi ń tẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin oníṣẹ́ igi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ń kan ilé ọmọláńgidi fún ọmọbìnrin mi ní Yábà, mo sì yà á bí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò kan ní Erékùṣù Èkó, tí ínṣì 1 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Pílíwúùdù mìlímítà 3 ni ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀ tó kọ síta ni ó ti tẹ̀ bí ọrun, tí fèrèsé kò sì wọ àyè rẹ̀ mọ́. Mo fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 4; ó nà, àmọ́ nígbà tí òjò tún rọ̀, ó padà tẹ̀. Ṣé kí n fi ọ̀dà kun inú rẹ̀ náà kí n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni, àbí kí n kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn?