Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣúgà mi 118, dókítà ní ọ̀rá ikùn ló fà á

Tíṣà Adó: Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, mo wọn kílò 92. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀ kí n tó fẹnu kan nǹkan: 118, lẹ́yìn náà 116. Dókítà ní kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ọ̀rá ikùn mi ni kò jẹ́ kí ara mi gbọ́ràn sí insulin tó ń kápá ṣúgà lẹ́nu mọ́. Ó rú mi lójú, torí n kì í fi ṣúgà sí tíì. Ẹ̀yìn ọrùn mi sì ń dúdú. Mo ti fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú ha á títí ó fi bó, kò mọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n fi iyán sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ha ọrùn yẹn mọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí insulin bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, awọ ọrùn àti abíyá a máa nípọn, a sì dúdú.

Iyán, gààrí, búrẹ́dì, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Insulin ló ń kan ilẹ̀kùn kí ẹran ara lè gbà á wọlé. Òun náà ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má tú ṣúgà tó kó pamọ́ síta. Ọ̀rá ìdí àti itan ò fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Èyí tó rọ̀ mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ nínú ikùn lẹ́jọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tọ̀sántòru ló ń da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá náà á wọ ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, wọn ò wá ní gbọ́ ìkànlẹ̀kùn mọ́. Pancreas tó ń ṣe insulin á máa ṣe púpọ̀ sí i, bí ẹni tó ń pariwo sí adití, fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni ṣúgà ń gòkè. Ẹ̀dọ̀ yín ló ń tú u síta lóru, ló fi ga láàárọ̀ tí ẹ ò tíì jẹun.

Láti 100 dé 125 ni agbedeméjì tí ẹ wà. 126 sókè, lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, àwọn tó wà nírú ipò yín tó wà nínú rẹ̀ lé ní 3,000. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn fi 7 nínú 100 dín ìwọ̀n wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó mú wọn fi 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí wọn ò ṣe é. Tiyín ò ju kílò 6 àti ààbọ̀ lọ.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́: Tíṣà, ó ṣe é ṣe. 121 ni tèmi lọ́dún tó kọjá. N ò fi iyán sílẹ̀, ọ̀sán ni mo gbé e sí. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń jẹ ẹ́, bí mo bá ṣanwọ́ tán, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ní báyìí, iyán tí mo ń bù ò ju ìkúùkù mi lọ, ẹ̀fọ́ rírò á kún àwo, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo sì kọ́kọ́ ń jẹ. Bí mo bá jẹun tán, mo ń rìn dé oríta, mo ń padà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. N kì í gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kílò 7 kúrò lára mi láàárín oṣù 8. 99 ni wọ́n kà fún mi gbẹ̀yìn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Omi ewúro ni kẹ́ ẹ máa mu láàárọ̀. Ẹ má wulẹ̀ padà sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀. Ewúro dára lọ́bẹ̀. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé àgbo títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú aṣọ tí wọ́n fi dì í.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù 3. Bí dókítà bá kọ metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà kù, fún yín, ẹ lò ó. Ẹ tún fi téèpù wọn ikùn yín. Bí tobìnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ọ̀rá inú ti ń pọ̀ nìyẹn.

Tíṣà Adó: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò wa, 104 ni. Láti ọ̀la, ẹsẹ̀ ni n óò máa fi rìn bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Bàbá Ìkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé iyán kalẹ̀ fún yín lálẹ́ níbi ìnáwó ńkọ́, kí lẹ máa ń sọ?