Ìdáláre tàbí ìsọdolódodo? Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lẹ́nu Pọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, lórí ẹni tí yóò wọ ìjọba ọ̀run àti ìdí tí yóò fi wọ̀ ọ́. Wọ́n ní "ìdáláre", ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa fi ń sọ bí Ọlọ́run ṣe ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre, ti gbó, pé "jọ̀ọ́ jàre" nìkan ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ nínú ìdílé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ṣẹ̀dá "ìsọdolódodo" láti fi dípò rẹ̀. Ẹni méjì ti fọwọ́ sí i. Èmi ò lè fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà ro ẹjọ́ tèmi.

"Àre" àti "ẹ̀bi", ìbejì ni wọ́n níwájú àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni méjì rojọ́, àgbà gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì, ó wá dá a: ìwọ jàre, ìwọ jẹ̀bi. Ìwà ẹnikẹ́ni kò yí padà nídìí ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó jàre kò di ènìyàn rere ju bó ṣe wà lọ láàárín ìgbà tí àgbà la ẹnu àti ìgbà tó pa á dé. Ipò rẹ̀ ló yí padà: ó gbé ẹ̀sùn wá lọ́rùn, ó lọ sílé láìsí ẹ̀sùn. Ohun tí "dá láre" ń sọ nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò, dikaioō, ń sọ ní ilé ẹjọ́ tiwọn.

Ẹ ka ìwé Róòmù láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ẹ ó rí i pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò níbẹ̀. Ní orí kìíní, aráyé wà ní "àìríwí". Ní orí kẹta, gbogbo ẹnu pamọ́, gbogbo aráyé wá sábẹ́ ìdájọ́ Ọlọ́run. Ẹnu tó pamọ́ kò ní àwíjàre mọ́, ibẹ̀ gan-an ni "dá láre" ti wọlé. Tó bá di orí kẹjọ, wọ́n béèrè pé ta ni yóò ka ohunkóhun sí ọrùn àwọn àyànfẹ́ Ọlọ́run, ta ni ẹni tí ń dẹ́bi. Bí a bá yọ "dá láre" kúrò láàárín, "àìríwí" àti "dẹ́bi" yóò kàn dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí òpó ilé tí wọ́n ti ká òrùlé rẹ̀.

Ní 1850 ni ìtumọ̀ Róòmù tí Àjàyí Crowther ṣe jáde, ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Òṣogùn tó ti gbọ́n díẹ̀ kí wọ́n tó kó o lẹ́rú ní 1821 ni. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí àgbà ṣe ń dá ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá gba ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń gbèjà ọ̀rọ̀ àtijọ́ kìkì nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tí a dá láre ni ẹni tí àre jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbà kò fún un ní àre. Ó kàn rí i lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nínú kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ bi mí pé, "Bùrọ̀dá, tí èmi fúnra mi bá mọ̀ pé mo jẹ̀bi, ẹni tó dá mi láre, ṣé kì í ṣe pé ó ṣi ẹjọ́ dá?" Mo dákẹ́. N kò gbọ́ ìbéèrè tó mú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni.

Àìsáyà 5:23 wà lẹ́yìn ìyá náà. Ègbé ni fún àwọn "tí ń dá ẹni búburú láre nítorí èrè". Òwe 17:15 náà wà lẹ́yìn wọn: ẹni tó bá dá ènìyàn búburú láre, ìríra ni lójú Olúwa. Bẹ́ẹ̀ sì ni Róòmù 4:5 pe Ọlọ́run ní "ẹni tí ń dá ènìyàn búburú láre". Kì í ṣe àṣìṣe Àjàyí. Nínú Àìsáyà èdè Gíríìkì tí àwọn Júù ìgbà Pọ́ọ̀lù ń kà, ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn náà ló wà nínú ègbé yẹn, dikaioō (dá láre) àti asebēs (ènìyàn búburú). Pọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n mọ̀ gbé ohun tí wòlíì fi bú àwọn adájọ́ burúkú, ó fi ṣe oríkì Ọlọ́run. Ó yẹ kó ba ẹni tó ń kà á lẹ́rù. Ó ba ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lẹ́rù, torí pé Yorùbá inú Bíbélì kò bo ohunkóhun mọ́ wọn lójú.

Ìdáhùn tí mo padà fún wọn wà nínú gbólóhùn Àìsáyà náà fúnra rẹ̀: "nítorí èrè". Adájọ́ tí Àìsáyà bú gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kó tó sọ ẹ̀bi di àre. Nínú Róòmù orí kẹta, adájọ́ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́. Òun ló fi Ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, "kí ó lè jẹ́ olódodo" kí ó sì tún máa dá ẹni tó gba Jésù gbọ́ láre. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò wọlẹ̀ lásán, ẹnìkan rù ú. Ìdí tí Kristẹni fi ń sọ pé òun yóò wọ ìjọba ọ̀run nìyí, kò sí òmíràn.

Bí a bá wá kọ "ẹni tí ń sọ ènìyàn búburú di olódodo", ta ni yóò tún bi wá ní ìbéèrè ìyá yẹn? Gbólóhùn náà dùn, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́fun. Olùkọ́ rere ń sọ ọmọ burúkú di ọmọ rere lójoojúmọ́.

Ní ti ìṣẹ̀dá rẹ̀, n kò rí àléébù. Ì-sọ-di-olódodo tọ̀nà bí "ìsọdọmọ" inú Róòmù orí kẹjọ ṣe tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí yóò máa gbé yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀: "ìsọdimímọ́". Ìsọdimímọ́ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń pe iṣẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣe nínú ènìyàn díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá rí "ìsọdolódodo" yóò kà á sí ìkan náà, kò sì ní jẹ̀bi. Yóò wá rò pé ọjọ́ tí ìwà òun bá tó ni ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Ẹ rántí olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìyà náà tọ́ sí òun. Kò láyè láti ṣèrìbọmi, kò láyè láti dá ohun tó jí padà. Ọwọ́ tí ì bá fi ṣe oore, wọ́n ti kàn án mọ́ igi. Jésù sọ fún un pé, "Lónìí ni ìwọ ó wà pẹ̀lú mi ní Párádísè." Ìsọdolódodo wo ló ráyè ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ tó wọ̀? Ìdáláre nìkan ni gbólóhùn yẹn gbà.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kò ṣàìní baba. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan tó ń fi èdè Látìn kàwé, túmọ̀ iustificare sí kí a sọ ènìyàn di olódodo, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà ní Trent sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1547 pé ìsọdọ̀tun inú ènìyàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará wa ìjọ Àgùdà ṣe é láti tako ẹ̀kọ́ Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó yapa kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti ti àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àríyànjiyàn náà gùn títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1999, tí àwọn ìjọ Luther àti ìjọ Àgùdà jọ fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg ní Jámánì pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, kì í ṣe ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ wa. Ohun tó gba wọn ju irínwó ọdún lọ, kò yẹ kí ìwé àwọn ọ̀dọ́ parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìsọ fún wọn.

Ẹnìkan béèrè nípa Jákọ́bù 2:24: "nípa iṣẹ́ ni a ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan." "Dá láre" kan náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Jákọ́bù àti Pọ́ọ̀lù ṣe jọ dúró gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni àwọn méjèèjì gbé. Bí a bá pààrọ̀ ti Pọ́ọ̀lù, tí a fi ti Jákọ́bù sílẹ̀, a ti pa ẹjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó rò ó.

Nígbà tí Luther túmọ̀ Róòmù 3:28 sí èdè Jámánì ní 1522, ó fi "allein", ìyẹn "nìkan", kún un. Wọ́n bú u. Ní 1530 ó dáhùn pé èdè Jámánì ló béèrè fún un. Ẹ wo tiwa: "nípa ìgbàgbọ́ ni a ń dá ènìyàn láre láìsí iṣẹ́ òfin." "Ni" yẹn ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ẹni tó bá ní "ìwọ ni mo pè" ti sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ pé kó máa wulẹ̀ dìde. Èdè wa kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún ti Pọ́ọ̀lù. Inú mi máa ń dùn sí "ni" yìí nígbàkúùgbà tí mo bá kà á.

Ní ti "oore-ọ̀fẹ́", tí ẹlòmíràn ní ó sọ ìgbàlà di ọjà tí kò lówó lórí: ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó gbà á, ẹnìkan ti san án. Crowther mọ̀ ọ́n lára. Ní 1822, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀ lójú omi, kò mú kọ́bọ̀ kan wá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa níbì kan, pé àwọn ọmọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ hàn wọ́n. Ẹ fi Àìsáyà 5:23 àti Róòmù 4:5 síwájú wọn lójú ewé kan náà, kí wọ́n bínú sí i ná. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yí àkọlé ìwé náà padà. "Ta ni yóò lọ sọ́run?" ni ẹ kọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti sọ létí rẹ̀ rí pé "má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ" yóò dáhùn pé gbogbo wa ni. Òkú rere, òkú búburú, ọ̀run ni wọ́n ń lọ lẹ́nu wa. "Wọ ìjọba ọ̀run" ni Mátíù 7:21 sọ, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó wà láàárín wa, kí ni ẹ máa ń sọ fún ẹni tó borí níwájú ọba lọ́dọ̀ yín? Ṣé "jàre" náà ni, àbí ẹ ní òmíràn tí àwọn ọmọ ṣì ń gbọ́ lójoojúmọ́?