Jígí ojú ọmọ ń yí pa dà ṣáá: ṣé léésà ló kàn?

Ìyá_Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọ mi. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ojú á máa yún un, á sì máa fi ọwọ́ ra á. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni nọ́ńbà jígí rẹ̀ ń yí pa dà. Ṣé ká ṣe léésà, iṣẹ́ abẹ ojú tó lè jẹ́ kó bọ́ jígí?

Dókítà_Ojú: Ẹ má tíì sún mọ́ ọn, Ìyá. Ẹ lọ sí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, l'Ókè-Oyì, kí wọ́n wọn kọ́níà rẹ̀, awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Ìràjú lè mú un fẹ́lẹ́, á wá yọ ṣónṣó síta: keratoconus nìyẹn. Léésà tún ń bù lára awọ náà.

Alájé: Tó bá ń burú sí i, crosslinking ni, ìtọ́jú tó ń mú kọ́níà le. Wọ́n á bó èèpo òkè, wọ́n á máa kán riboflavin (fítámì B2) sí i fún 30 ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó tan iná UV-A, irú ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, sí i fún 30 mìíràn. Bí awọ ò bá nípọn tó 400 máíkírọ́ọ̀nù (0.4 mm), iná lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Ó ń dá àìsàn dúró ni o. Lẹ́ńsì líle tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú ni yóò fi ríran dáadáa.

Dókítà_Ojú: Ẹ má sì ra dexamethasone, oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ìdì, ní kẹ́mísì fún yíyún. Tó bá pẹ́, ó lè fa gulọkóòmà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́.